Ìyá Olówùú Jókòó ní Ìgbóṣèrè

Láti ọjọ́ tí a ti sin Ìyá Àgbà, mi ò rí ibi jókòó sí. Mo jókòó sórí àga, mo dìde. Mo lọ sẹ́nu ọ̀nà, mo padà wọlé, mo ṣí ìkòkò tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀, mo dé e padà. Màmá mi ń wò mí láti orí ẹní. Nígbà tó pẹ́, wọ́n ní, "Àjọkẹ́, ó ti bọ́ sí ẹ lára nìyẹn."

Mo mọ ohun tí wọ́n ń wí. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí màmá mi, a kì í bá wọn níjòkòó. Nǹkan méjì péré ló ń mú wọn balẹ̀, ìrun àti òwú. Ìrun gan-an, bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kí i. Bí lèmọ́mù bá ti fa àdúrà gùn jù, ẹ ó gbọ́ ikọ́ wọn láti ẹ̀yìn, láàárín àwọn obìnrin. Lèmọ́mù mọ ikọ́ yẹn. Á gé àdúrà rẹ̀ kúrú. Nígbà tí àwọn èèyàn bá wọn wí pé wọ́n ń kánjú níwájú Ọlọ́run, wọ́n ní, "Ọlọ́run ti gbọ́. Lèmọ́mù ni kò mọ̀ pé Ó ti gbọ́."

Mi ò ní kọ ìtàn ayé wọn láti ìbí dé ikú. Mi ò mọ ọdún tí wọ́n bí wọn, àwọn náà ò mọ̀ ọ́n. Wẹ́lẹwẹ̀lẹ ni ohun tó wà lọ́wọ́ mi, mi ò sì ní sùúrù láti tò ó. Bó ṣe ń wá ni mo ṣe máa sọ ọ́.

Rábíátù Àbẹ̀kẹ́ lorúkọ wọn, ọmọ Ìsẹ́yìn. Bàbá tó bí màmá mi, oníṣòwò ará Ìsàlẹ̀ Èkó, ló fẹ́ wọn wá sí agboolé wa, tí kò jìnnà sí Jankárà. Nígbà tí wọ́n dé, orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ nílé wọn ò kan ẹnikẹ́ni l'Ékòó. Ìyá Olówùú ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n títí wọ́n fi kú, torí òwú ni wọ́n ń ràn.

Ẹni tí kò bá rí i rí, báyìí ni wọ́n ṣe ń ràn án. Wọ́n á yọ kóró inú òwú, wọ́n á fi ọrun kékeré gbọ̀n ọ́n títí yóò fi fẹ́lẹ́ bíi kùrukùru. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wé e mọ́ ọ̀pá kékeré kan. Ọ̀pá yẹn ni ìrànwú, ọwọ́ òsì ló ń dì í mú. Ọwọ́ ọ̀tún á máa fa òwú jáde lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á sì máa ta kẹ̀kẹ́, igi tín-ín-rín tó ní amọ̀ róbótó nídìí, tó ń yí bí òkòtó. Bí kẹ̀kẹ́ ṣe ń yí ni òwú ń lọ́, tó ń le, tó ń di nǹkan tí èèyàn lè fi so nǹkan. Ọ̀pá ìrànwú Ìyá Àgbà ti dúdú, ó ti ń dán. Ìyá tiwọn ló gbé e lé wọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ń bọ̀ nílé ọkọ.

Àwọn àáfà ń ra òwú yẹn, wọ́n fi ń so tírà sọ́rùn ọmọdé. Àwọn tó ń sin ìlẹ̀kẹ̀ ń rà á, àwọn tó ń fi òwú ṣe iná àtùpà náà ń rà á. Ìyá Àgbà ní ìsọ̀ kékeré kan ní Jankárà, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ bá wọn níbẹ̀, ó máa ṣe sùúrù. Bí wọn ò bá sí lọ́dọ̀ aláṣọ, wọ́n wà lọ́dọ̀ alágbo. Wọ́n á fara ti ìsọ̀ onísọ̀, kẹ̀kẹ́ á máa yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn, wọ́n á máa bá onítọ̀hún jiyàn lórí ọ̀rọ̀ tí kò kàn wọ́n. Obìnrin kan wá wọn títí lọ́jọ́ kan, inú bí i. Ó ní, "Ìyá, ẹ̀ẹ̀mélòó ni mo máa wá yín kiri?" Wọ́n wò ó láti òkè délẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣé òwú lo fẹ́ rà ni, àbí èmi?"

Bó bá di ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, wọ́n á ní àwọn fẹ́ lọ wo omi. Èmi ni mo máa ń tẹ̀ lé wọn lọ sí Màrínà nígbà tí mo wà ní ọmọdé. A óò rìn dé ọ̀hún, a óò dúró, wọ́n á wo ọ̀sà, wọ́n á wo àwọn òṣìṣẹ́ tó ń sáré lé bọ́ọ̀sì ní CMS, wọ́n á ní ó yá, ká máa lọ. Gbogbo ìrìn yẹn, torí wíwò tí kò tó ìgbà tí èèyàn fi ń jẹ gúgúrú tán. Mo ní, "Ìyá Àgbà, a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni." Wọ́n ti ń lọ níwájú. Wọ́n ní, "Omi gan-an ò dúró, èmi ni kí n wá dúró?"

Ẹnu wọn ńkọ́? Há à. Ẹnu wọn ti dá ìjà sílẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó ju òfófó lọ. Alhaji tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa gbé jẹnẹrétọ̀ sábẹ́ fèrèsé wọn. Ìyá Àgbà ò pè é sí kọ̀rọ̀, níwájú mọ́ṣáláṣí ni wọ́n ti kò ó, tòun ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n kúnlẹ̀ díẹ̀ kí i, wọ́n ní, "Alhaji, àwọn ẹlẹgbẹ́ yín lọ sí Mẹ́kà, wọ́n gba ìdáríjì bọ̀. Ẹ̀yin lọ, ariwo lẹ rà bọ̀." Alhaji gbé jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ó pẹ́ kó tó tún kí wọn.

Bùọ̀dá Wàídì, àbúrò màmá mi, náà gba tiẹ̀. Bùọ̀dá ti ń rí towó ṣe nígbà yẹn, ojú sì ń tì wọ́n pé ìyá àwọn ń fi igi yí òwú kiri ọjà. Wọ́n ra òwú ọ̀rá wá fún Ìyá Àgbà, oríṣiríṣi àwọ̀, kí wọ́n máa tà á. Wọ́n ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ayé ti là. Ẹ gbé igi yìí jù nù." Ìyá Àgbà gba òwú ọ̀rá náà, wọ́n súre fún Bùọ̀dá, wọ́n sì fi so ewúrẹ́. Nígbà tí Bùọ̀dá rí ewúrẹ́ tó wé òwú aláwọ̀ ewé mọ́rùn, wọ́n bínú. Ìyá Àgbà ní, "Bí ayé bá là, ìdí ò ní wọṣọ mọ́ ni?"

Èmi náà bá wọn jà. Ilé ẹ̀kọ́ gíga ni mo wà nígbà yẹn, mo ti kà díẹ̀, mo ti gbọ́ díẹ̀, ọ̀rọ̀ ti pọ̀ nínú mi. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé gbogbo ọmọbìnrin tí Ìyá Àgbà bí, lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ sílé ọkọ, wọ́n fún kálukú ní ìrànwú tuntun kan. Wọ́n á gbé e sórí ẹrù ìyàwó, lórí abọ́ àti ìkòkò, kí gbogbo èèyàn lè rí i. Wọ́n ní níbi tí wọ́n ti bí àwọn, obìnrin tí kò ní ìrànwú, wọ́n á ní kò tíì di obìnrin. Mo ní, "Ìyá Àgbà, igi tí wọ́n fi ń so obìnrin mọ́lẹ̀ nìyẹn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n dìde, wọ́n na apá méjèèjì, wọ́n yí po níwájú mi. "Ta ló so mọ́lẹ̀? Wò mí dáadáa."

Mo ní kì í ṣe àwọn ni mò ń wí. Mo ní kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wọn tó ń rànwú. Ọ̀kan jẹ́ nọ́ọ̀sì. Màmá mi ń ta bàtà. Kí wá ni ìrànwú fẹ́ ṣe fún wọn? Ẹ̀rín kúrò lójú wọn. Wọ́n ní, "Mi ò ní kí wọ́n máa rànwú. Mo fún wọn kí ọwọ́ wọn má bàa ṣófo lọ́jọ́ tí ọkàn wọn bá ṣófo." Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí n lọ fọ abọ́.

Wọ́n gbìyànjú láti kọ́ mi. Òwú ń já ṣáá. Mo fà á, ó já. Mo so ó, ó já. Wọ́n á gbá mi lọ́wọ́, wọ́n á gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n á tún gbé e fún mi. Mo bínú, mo ju kẹ̀kẹ́ sílẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n mú un, wọ́n fẹ́ eruku ara rẹ̀ dànù. Wọ́n ní, "Òwú kì í já mọ́ ẹni tó bá fà á lọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ já a gbà ló ń já mọ́."

Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ Ìgbóṣèrè wàyí. Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀, mo fi ń rìn yí i ká ni.

Ọkùnrin tó bí mi jẹ́ ará Ìjẹ̀bú. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìgbóṣèrè, nítòsí kóòtù, ó ń rán gáùn dúdú tí àwọn lọ́yà ń wọ̀. Nínú ilé wa, Télọ̀ là ń pè é. Èmi náà, bí mo ṣe ń dàgbà, Télọ̀ ni mo ń pè é. Nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù yẹn ni òun, màmá mi, àti ìyá rẹ̀ ń gbé. Ìyá Ìjẹ̀bú ni wọ́n ń pe ìyá náà. Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí.

Mi ò tíì já lẹ́nu ọmú nígbà tí Télọ̀ sọ pé òun fẹ́ mú ìyàwó mìíràn wálé. Màmá mi ní nínú yàrá kan ṣoṣo yẹn? Ọ̀rọ̀ di ariwo, ariwo di ìjà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó kó ẹrù màmá mi jù síta, sínú ẹrẹ̀. Èmi wà lẹ́yìn Ìyá Ìjẹ̀bú nínú ilé. Màmá mi fẹ́ wọlé wá gbé mi, Télọ̀ dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó ní, "Ìwọ lè máa lọ. Ọmọ mi ò ní bá ẹ lọ."

Màmá mi sọ fún mi pé nígbà tí àwọn dé Ìsàlẹ̀ Èkó, iwájú bùláòsì àwọn ti tutù rin fún omi ọmú. Ìdì ẹrù kan péré ni wọ́n rí gbé. Wọ́n tú u, ìrànwú tí Ìyá Àgbà fún wọn wà nínú rẹ̀, ẹrẹ̀ ti bò ó.

Àwọn ọkùnrin agboolé pé jọ sí pálọ̀. Àbúrò bàbá màmá mi, tí a ń pè ní Bàbá Kékeré, ló ṣe olórí. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ò le, àmọ́ kò rọrùn. Bàbá ló lọmọ. Wọ́n máa rán èèyàn pẹ̀lú obì lọ bẹ Télọ̀ kó gba ìyàwó rẹ̀ padà. Bí kò bá gbà, kí màmá mi fi ọmọ sílẹ̀ ná, ọmọ á dàgbà, á wá ìyá rẹ̀ wá. Gbogbo ìgbà tí wọ́n ń sọ èyí, Ìyá Àgbà ń lọ, wọ́n ń bọ̀ láàárín pálọ̀ bí ẹni tó sọ abẹ́rẹ́ nù. Ó sú Bàbá Kékeré. Wọ́n ní, "Ẹ jókòó ná, ìyàwó wa, ká lè sọ̀rọ̀."

Ìyá Àgbà ní, "Mo fẹ́ lọ jókòó. Àmọ́ kì í ṣe níbí."

Wọ́n fọ ẹrẹ̀ kúrò lára ìrànwú màmá mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n gbé e, pẹ̀lú kẹ̀kẹ́, ẹní, àti apẹ̀rẹ̀ òwú, wọ́n fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ìgbóṣèrè. Télọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n tẹ́ ẹní wọn sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn, níbi tí wọn ò ti ní dí ẹnikẹ́ni lọ́nà. Wọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, àna mi."

Ẹ̀rù ba Télọ̀ díẹ̀. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀, màá. Ẹ wọlé."

"Ibí tẹ́ mi lọ́rùn." Wọ́n jókòó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rànwú.

Ọkàn Télọ̀ balẹ̀. Ó mọ Ìyá Àgbà. Ó ti rí wọn tí wọ́n ń jẹ ẹ̀kọ lórí ìrìn. Ó ní kó tó di ọ̀sán, wọ́n á ti dìde. Ọ̀sán dé, wọ́n kírun lórí ẹní yẹn, wọ́n padà sídìí òwú. Ìrọ̀lẹ́ dé, ó ti ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ká ẹní wọn lọ sílé. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n tún dé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́. Màmá mi ò lè sọ iye ọjọ́ tó jẹ́. Wọ́n ní àwọn ń dúró sí kọ̀rọ̀ òdìkejì ọ̀nà lójoojúmọ́ láti máa wo ìyá àwọn, kò sì sí ọjọ́ tí kò dà bí ọdún.

Ìyá Ìjẹ̀bú kọ́kọ́ jáde pẹ̀lú ìbínú. "Èpè lẹ wá ṣẹ́ fún ọmọ mi ni? Kí lẹ ń so mọ́ òwú yẹn? Ẹ fèsì!"

Ìyá Àgbà ò gbé ojú sókè. "Ọmọ mi ni mo ń dúró dè."

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó fi gbólóhùn kan dójú ti Alhaji níwájú mọ́ṣáláṣí, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ ló sọ.

Àwọn oníbàárà ń yà fún wọn kọjá. Lọ́yà ọ̀dọ́ kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí wọn. Ó ní, "Màmá, ṣé ẹ ní kéèsì ni? Kóòtù nìyẹn lọ́hùn-ún. Mo lè mú yín lọ." Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹjọ́ kọ́ ló gbé mi wá, ọmọ mi. Ọmọ ló gbé mi wá." Lọ́yà yẹn wọ ṣọ́ọ̀bù lọ, ó pẹ́ díẹ̀, ó jáde pẹ̀lú aṣọ rẹ̀ tí wọn ò tíì rán. Àwọn mìíràn ò tilẹ̀ wọlé mọ́. Wọ́n ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ìyá kan ń ran òwú sẹ́nu ọ̀nà télọ̀, wọn ò mọ ohun tó ń dè. Télọ̀ lọ pe ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá dé, ó wo ẹní, ó wo òwú, ó wo ìyá. Ó bi Télọ̀ pé, "Ṣé ó jí nǹkan ẹ ni?" Télọ̀ ní rárá. "Ó bú ẹ?" Rárá. "Kí wá ni kí n kọ sílẹ̀? Pé ìyá kan ń rànwú?" Ó kí Ìyá Àgbà, ó bá tiẹ̀ lọ.

Màmá mi ní ohun kan wà tí àwọn ò lè gbàgbé. Bí mo bá sunkún nínú ilé, òwú á já lọ́wọ́ Ìyá Àgbà. Wọ́n á dúró díẹ̀, wọ́n á wá ojú òwú, wọ́n á so ó pọ̀. Wọ́n á tún máa ràn án. Bí mo bá tún sunkún, á tún já. Láti òdìkejì ọ̀nà, màmá mi ò gbọ́ ẹkún mi, torí ariwo mọ́tò. Ọwọ́ ìyá wọn ni wọ́n ń wò. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ̀ pé mò ń ké.

Ìyá Ìjẹ̀bú gbé bẹ́ǹṣì jáde lọ́jọ́ kan, wọ́n ní kí Ìyá Àgbà jókòó lé e, ilẹ̀ ò dáa fún àgbàlagbà. Ìyá Àgbà ní ẹní tó. Ìyá Ìjẹ̀bú wá jókòó lé bẹ́ǹṣì náà fúnra wọn. Wọ́n wo kẹ̀kẹ́ Ìyá Àgbà títí. Ọwọ́ tiwọn náà lọ sínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ kóró inú òwú.

"Ìyá tó bí mi náà ń rànwú," wọ́n ní.

"Ìjẹ̀bú Òde?"

"Ìjẹ̀bú Igbó."

"Òwú Ìjẹ̀bú ń le," Ìyá Àgbà wí. Ọ̀rọ̀ òwú nìkan ni wọ́n jọ sọ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọjọ́ kejì ni Ìyá Ìjẹ̀bú pọ̀n mí jáde. Wọ́n tú ọ̀já, wọ́n gbé mi lé Ìyá Àgbà lẹ́sẹ̀, lórí òwú. Télọ̀ wà nídìí máṣíìnì, ó rí i. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì, àmọ́ kò dìde. Ó ní, "Màmá, kí lẹ ń ṣe yẹn?"

Ìyá rẹ̀ ò wẹ̀yìn. Wọ́n ní, "Ọmú lọmọ ń fẹ́, kì í ṣe ẹjọ́."

Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ Télọ̀ padà sórí máṣíìnì, máṣíìnì ń dún.

Màmá mi sáré kọjá títì láìwo mọ́tò. Lójú ọ̀nà níbẹ̀ ni wọ́n ti fún mi lọ́mú. Ìyá Àgbà pọ̀n mí, wọn ò dúró níbì kankan títí a fi dé Ìsàlẹ̀ Èkó. Nígbà tí wọ́n wọ agboolé, àwọn ọkùnrin ṣì ń ṣètò ẹni tí wọ́n máa rán lọ sọ́dọ̀ Télọ̀, obì wà nínú abọ́ níwájú wọn. Gbogbo èébú tí Ìyá Àgbà ti gbé mì láti ìgbà tí wọ́n ti ń lọ sí Ìgbóṣèrè ni wọ́n tú sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n bú Bàbá Kékeré, wọ́n bú ẹni tó ra obì, wọ́n bú Alhaji tó kàn wá kí wọn. Bàbá Kékeré ní, "Ẹ rọra, ọmọ wà lẹ́yìn yín." Ìyá Àgbà ní, "Ó ń gbọ́ èdè abínibí rẹ̀ ni. Ẹ fi obì yín fún ewúrẹ́ jẹ."

Ẹnu màmá mi ni mo ti gbọ́ gbogbo èyí. Ìyá Àgbà ò sọ ọ́ fún mi rí. Nígbà tí wọ́n ti darúgbó, mo bi wọ́n pé, "Ìyá Àgbà, báwo lẹ ṣe lè jókòó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀?" Wọ́n ti fẹ́ dé ẹnu ọ̀nà, ọ̀pá wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń lọ síbi tí kò sẹ́ni tó mọ̀. Wọ́n ní, "Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí láti ọjọ́ náà."

Àìsàn tó mú wọn lọ ò pẹ́. Lórí ìdùbúlẹ̀, wọ́n ní ká gbé wọn jókòó. A gbé wọn jókòó. Wọ́n ní ká gbé wọn dìde. Dókítà tó ń wá sílé ní kí wọ́n sinmi, wọ́n wò ó bí ẹni tó bú wọn. Láàárọ̀ tí wọ́n máa lọ, wọ́n di ọwọ́ màmá mi mú, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì sọ kẹ́yìn nìyí: "Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dá mi dúró pẹ́." Wọn ò dá wọn dúró. Kó tó di àkókò ìrun àsárì, Ìyá Olówùú ti wà nínú ilẹ̀. Èmi ni mo pẹ́. Mo sáré láti ọ́fíìsì mi ní Màrínà, mo gba ibi gbogbo tí mo mọ̀, mo bá àwọn ọkùnrin tó ń nu ọwọ́ wọn.

Lọ́jọ́ fídáù, ọjọ́ kẹjọ, agboolé kún. Àáfà ti ṣe wáàsí tán, wọ́n ti ń pín oúnjẹ. Mi ò lè jókòó láàárín àwọn èèyàn, mo lọ dúró lẹ́nu géètì. Ọkùnrin arúgbó kan wà lódìkejì gọ́tà, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́. Télọ̀ ni. Mo ti ń rí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti kékeré, lójú ọ̀nà, bí èèyàn ṣe ń rí ojúlùmọ̀. A óò kí ara wa, kálukú á bá tiẹ̀ lọ.

Ó ní, "Wọ́n ní ìyá ti lọ."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ wọlé."

Ó mi orí. Ó ń yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. Mo rò pé ó máa lọ, ni ó bá sọ̀rọ̀. "Ẹnu ìyá yẹn, gbogbo Èkó ló mọ̀ ọ́n. Gbogbo ọjọ́ tí wọ́n fi wà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, mò ń dúró kí wọ́n bú mi. Mo ti pèsè èsì sílẹ̀. Kò sí ohun tí wọn ì bá sọ tí mi ò ní fèsì. Wọn ò bú mi. Bó bá dìrọ̀lẹ́, wọ́n á ká ẹní wọn, wọ́n á ní, 'Ó dàárọ̀ o, àna mi.' Mi ò sì ní lè sùn. Ká ní wọ́n bú mi ni, mi ò ní yọ̀ǹda ẹ."

Ó kí mi kú ọ̀fọ̀, ó dé fìlà rẹ̀, ó yí padà, ó ń lọ.

Màmá mi pè mí láti inú ilé. "Àjọkẹ́, ta lò ń bá sọ̀rọ̀ níta yẹn?"

Mo ní, "Bàbá mi ni."

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ṣíbí tó ń kan ìdí ìkòkò. Màmá mi jáde pẹ̀lú abọ́ tí wọ́n dé, ooru ń yọ létí rẹ̀. Wọn ò wo ojú mi. Wọ́n ní, "Ẹnìkan kì í wá síbi fídáù ìyá mi kó lọ lọ́wọ́ òfìfo. Sáré."

Mo sáré. Mo gba àárín àwọn alárù, mo gba ẹ̀gbẹ́ àwọn tó pàtẹ aṣọ sílẹ̀, mo ń gbé abọ́ sókè kí wọ́n má bàa gbọ̀n ọ́n dànù. Ibi tí ọ̀nà ti yà sí Ìdúmọ̀tà ni mo ti bá wọn. Mo ní, "Ẹ dúró, sà." Bàbá mi yíjú padà. Wọ́n wo abọ́, wọ́n wò mí.

"Ta ló ní kó o gbé e wá?"

"Màmá mi ni."

Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Kò sí ibi tí èèyàn lè jókòó sí níbẹ̀, àwọn èèyàn ń fi ẹrù gbún wa. Wọ́n fara ti ògiri ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n tì, wọ́n ṣí abọ́ náà, wọ́n ní bísímílà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun lórí ìdúró. Mo dúró tì wọ́n títí wọ́n fi jẹ ẹ́ tán, torí abọ́ màmá mi ni, mo ní láti gbé e padà.